Bí kùrukùru bá bo orí òkè, ṣé a ṣì lè fò? Ìjíròrò láti ilẹ̀ Ìjùmú

Ìbéèrè

Ẹ ọ̀kun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kàbà ni mo ń gbé. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà la dáwó jọ láti fò láti orí òkè kan tó wà lẹ́bàá Ògìdì ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Paragliding ni wọ́n ń pe eré náà: aṣọ ńlá kan tó dà bí ìyẹ́ ni wọn yóò fi okùn so mọ́ èèyàn lára, tí yóò sì sáré kúrò létí òkè títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbé e. Atukọ̀ kan tó ń bọ̀ láti ìlú ńlá ni yóò máa gbé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, èrò á jókòó síwájú, òun á wà lẹ́yìn. A ti san ìdajì owó, ó sì ti sọ pé owó náà kì í padà. Àmọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni kùrukùru ti ń bo orí òkè títí di agogo mẹ́wàá àárọ̀, òjò a sì tún máa ṣú ní ìrọ̀lẹ́. Atukọ̀ ní kò séwu, ó ní ìkùukùu gan-an ló ń mú kí àwòrán dùn ún wò. Àbúrò ìyá mi ní kí n jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

* * *

Èsì kìíní

Ọ̀kun o, àbúrò mi. Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́, kí o lè mọ bí wàá ṣe wọn ọ̀rọ̀ mi. Èmi kì í ṣe olùkọ́ eré yìí. Ọmọ Mọ̀pà ni mí; ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó níwájú atukọ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò ní Kwahu, ní ilẹ̀ Gánà, lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní òkè òkun, mo sì ti dá fò ní ìgbà mọ́kànlélógójì. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ inú ìkùukùu, n óò sì ròyìn rẹ̀ bí a bá débẹ̀.

Ìbéèrè rẹ kò tíì pé. Bí èèyàn bá sọ fún dókítà pé ara òun kò yá, dókítà yóò béèrè ibi tó ń dùn ún. Bákan náà ni "ojú ọjọ́ ṣú" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ fò. Ohun tó yẹ kí á mọ̀ ni irú ìkùukùu tó wà níbẹ̀, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó sí ibi tí ẹ ó ti gbéra, ọ̀nà tó ń gbà, àti bóyá ńṣe ló ń tẹ́ tàbí ńṣe ló ń ga sókè bí òkìtì. Èyí tó ń bo orí òkè yín láàárọ̀, kùrukùru lásán ni: afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó ló tutù lóru mọ́ ara àpáta. Kò ní ìjì nínú, ṣùgbọ́n ó ń di èèyàn lójú. Èyí tó ń ṣú ní ìrọ̀lẹ́ ni apani. Àárín àwọn méjèèjì, bóyá láti agogo mọ́kànlá títí di agogo kan ọ̀sán, ni àyè tí ẹ ní, bí ó bá tilẹ̀ wà rárá. Atukọ̀ tó bá sọ pé kò séwu láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kò tíì wo òkè wa dáadáa.

Títí ẹ ó fi mọ àwọn nǹkan tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá rẹ ni kí o gbà.

* * *

Èsì kejì: lórí fífò lókè ìkùukùu

Èmi ọmọ Mọ̀pà náà ni mo tún dé. Ẹnìkan ti fèsì pé òun ti rí àwòrán àwọn tó ń fò lókè ìkùukùu bí ẹni ń rìn lórí òwú, ó sì béèrè ìdí tí àwa náà kò fi lè ṣe é. Àwòrán náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí kò fi hàn ni ibi tí àwọn èèyàn náà balẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbéra lórí kùrukùru ní Ògìdì gbọ́dọ̀ balẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, nítorí pápá wà nísàlẹ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn kejì. Yóò gba inú funfun náà kọjá láìrí òkè, láìrí ọ̀pẹ, láìrí ọ̀pá irin ńláńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù rì mọ́ orí àwọn òkè wa.

Bí o bá rò pé wàá mọ̀ ọ́n lára pé o ń lọ tààrà, fi gèlè ìyá rẹ di ojú, kí o sì gbìyànjú láti la pápá bọ́ọ̀lù kọjá. Ìwọ yóò yà bàrá kí o tó dé ìdajì, ọkàn rẹ yóò sì balẹ̀ pé o kò yà. Lójú òfurufú, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹsẹ̀ kò kan ilẹ̀ tí yóò ta èèyàn lólobó. Aṣọ ìfò ń sáré tó kìlómítà 35 sí 40 ní wákàtí kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kùrukùru bá ṣí àpáta fún ọ ní mítà 30, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lo ní. Ka ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, kí o wo ohun tí o lè ṣe nínú rẹ̀.

* * *

Èsì kẹta: fún arábìnrin tó kọ̀wé láti Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ṣeun, arábìnrin. Ẹ ní ìkùukùu tó bo oòrùn máa ń mú kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹni tí kò fò rí. Òótọ́ ni ẹ sọ, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń bú yín tún èsì yín kà.

Ilẹ̀ wa kún fún àpáta tí kò ní igi lórí. Bí oòrùn bá ta sí i láti òwúrọ̀, á gbóná, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á sì gbéra lọ sókè. Ààjà tí a ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń gbá ewé àti ọ̀rá yí po, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Inú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwòdì ti ń yí po láìju apá. Àwọn àgbà nínú eré yìí ń wá a kiri, torí òun ló ń gbé wọn ga. Èrò tó ń fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ni yóò máa bì nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìkùukùu pẹrẹsẹ tó ga, tó tẹ́ bí aṣọ eérú, tí kò yí àwọ̀ padà láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì, ọjọ́ dáradára ló jẹ́ fún un.

Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni pé inú oṣù Kẹsàn-án la wà. Ní àkókò òjò, òkìtì ìkùukùu tó ní àrá nínú lè fara pamọ́ sínú èyí tó tẹ́, bí ejò nínú koríko. Etí yóò gbọ́ kí ojú tó rí i. Bí mànàmáná bá kọ, ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán, kí o sì pín in sọ́nà mẹ́ta. Iye kìlómítà tó wà láàárín yín nìyẹn. Ní tèmi o, n kì í dúró kà á. Bí mo bá ti gbọ́ àrá, mo ti ń ká aṣọ.

* * *

Èsì kẹrin: ìṣirò tó wà nínú fóònù

Wọ́n bi mí bí a ṣe ń mọ gíga ìsàlẹ̀ ìkùukùu. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń fi iye méjì hàn: bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó, àti bí ó ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dew point. Ìwọ̀n Celsius ni kí o fi ka méjèèjì. Yọ èkejì kúrò nínú èkíní, kí o sì sọ èyí tó kù di ìlọ́po 125. Ohun tó bá jáde ni iye mítà tí ìsàlẹ̀ ìkùukùu olówùú yóò fi ga ju ilẹ̀ tí o dúró lé lọ. Bí ó bá jẹ́ 23 àti 22 ní agogo méje àárọ̀, mítà 125 péré ni, ìdí nìyẹn tí orí òkè kò fi hàn. Bí ó bá di 29 àti 22 ní ọ̀sán, ó ti di mítà 875, òkè á sì ṣí.

Ẹnìkan ní ìsọkúsọ ni, pé fóònù kò mọ Ògìdì. Kò purọ́ tán. Ìfojúdíwọ̀n ni iye inú fóònù, òkè sì ní ìwà tirẹ̀: bí atẹ́gùn tútù bá kọ lù ú, tó sì gùn ún lọ sókè, ìkùukùu lè dì mọ́ ọn lórí nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere níbòmíràn. Ìṣirò náà ń sọ fún ọ ìgbà tó yẹ kí o kúrò nílé ni. Bí o bá dé ẹsẹ̀ òkè, ojú rẹ ni kí o lò.

* * *

Èsì karùn-ún: ẹ̀yìn òkè ni kí ẹ máa wò

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí àwọ̀ ìkùukùu fara balẹ̀ kà. Ní àkókò òjò, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí wa lára láti etí òkun ló ti ń wá, apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ṣùgbọ́n ìjì òjò ńlá, èyí tó máa ń tò bí ògiri, tó sì ń gbá páànù ilé kiri, apá ìlà-oòrùn ló ti ń wá, tó sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó dúró sórí òkè. Ẹni tó bá fẹ́ gbéra gbọ́dọ̀ kọjú sí atẹ́gùn, nítorí náà yóò kọjú sí gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i láyà jẹ́jẹ́, yóò sì rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Ìjì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òkè tó gùn fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó rí i.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Mọ̀pà, orí àpáta ni ìyá mi máa ń sá èlùbọ́ sí. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, oòrùn ń ràn, atẹ́gùn ń fẹ́ láti iwájú ilé wa bí ti ojoojúmọ́, mo sì rí i pé kò wo òkè orí rẹ̀ rárá. Gbogbo ìgbà tó bá yí èlùbọ́ tán, ẹ̀yìn àpáta ló ń wò, apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Mo bi í léèrè ohun tó ń wò, kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn dúró pátápátá. Ewé máńgòrò kò mì, àwọn adìẹ sì dákẹ́. Ó ké sí mi pé kí n gbé àpò wá, ṣùgbọ́n kí n tó dé, atẹ́gùn mìíràn ti já bọ́ láti ẹ̀yìn, tó tutù bí omi àmù, ó sì gbá èlùbọ́ náà kúrò lórí àpáta bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbá a. Òjò kò tíì kán. Mo rí ìyá mi tó na ọwọ́ méjèèjì lé ìyẹ̀fun funfun tó ń fò lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ẹni tó bá dúró sétí òkè pẹ̀lú aṣọ ìfò ì bá sọ pé ọjọ́ kò tún lè dára ju báyìí lọ.

Wọ́n máa ń pa á lówe pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Òwe náà dára fún àwòdì. Bí ẹ̀fúùfù bá ta ẹni tó wọ aṣọ ìfò nídìí létí òkè, aṣọ yóò wó lé e lórí, òun yóò sì ṣubú sísàlẹ̀ pẹ̀lú okùn tó wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

* * *

Èsì kẹfà: ohun tí mo rí ní Kwahu, àti ẹ̀bi tèmi

Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ fífò ní Kwahu nígbà Àjíǹde. Orí òkè Odweanoma ní Atibie ni wọ́n ti ń gbéra, Nkawkaw ni wọ́n ń balẹ̀ sí. Ní ìgbà kejì tí mo lọ, ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ lé etí òkè ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, èrò sì ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Atukọ̀ tó fẹ́ gbé mi so ọ̀já pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ orí igi, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀, ó sì jókòó lé e. Wákàtí méjì ló fi jókòó. Ọkùnrin kan tó ti sanwó gbé fóònù sí i níwájú, ó ń fi àwòrán hàn án pé àwọn kan ti fò lánàá nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Atukọ̀ náà wo àwòrán, ó yìn ín, kò sì dìde. Nígbà tí ìlú hàn nísàlẹ̀ kedere ló tó tú aṣọ rẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó gbé ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ẹ̀bi tèmi nìyí. Níbi tí mo ti kọ́ ọ, ìkùukùu olówùú kékeré kan wà lókè orí mi, lójú mi kò ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ itan máa ń dún pí-pí-pí bí a bá ń gòkè. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára, inú mi sì dùn, nítorí ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gòkè ju ibi tí mo ti gbéra lọ. Mo ní kí n yí ẹ̀ẹ̀kan sí i. Mo tún ní kí n yí ẹ̀ẹ̀kan sí i. Lójijì, etí aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ilẹ̀ pòórá, gbogbo ibi di funfun. Òtútù mú mi lọ́rùn, omi ń kán lára okùn sí mi lórúnkún. Mo fa okùn tó wà léteetí, etí aṣọ méjèèjì sì ká sísàlẹ̀ bí fìlà abetí-ajá, èyí tó ń mú kí èèyàn tètè sọ̀. Mo sì di ara mi mú kí n má bàa yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bóyá ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni. Mo ti fi ọkàn sí i pé àfonífojì ni mo kọjú sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde, òkè ló wà níwájú mi, mo sì rí àwọn ewúrẹ́ lórí rẹ̀ débi pé mo lè kà wọ́n.

Olùkọ́ mi kò bú mi. Ó fún mi ní ìwé àti bírò, ó ní kí n ya àwòrán ibi tí mo rò pé mo kọjú sí, kí n sì ya ibi tí mo jáde sí. Mo ṣì ní ìwé náà.

* * *

Èsì keje

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fèsì pé mo ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, pé èéfín tútù lásán ni ìkùukùu, pé atukọ̀ tó bá gbóná á rí ọ̀nà jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2007, ní Manilla ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà, Ewa Wiśnierska ń gbára dì fún ìdíje àgbáyé. Jámánì ló ń fò fún, ó sì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ. Òkìtì ìkùukùu olójò fà á wọlé, ó sì gbé e dé gíga mítà 9,946, èyí tó ju ṣóńṣó òkè Everest lọ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mítà. Ó dákú sójú òfurufú fún ohun tó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, yìnyín bo aṣọ àti ara rẹ̀. Ó jí, ó sì balẹ̀ láàyè, nǹkan bí kìlómítà 60 sí ibi tó ti gbéra. Ìjì kan náà mú He Zhongpin, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, òun kò sì padà wálé.

Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, mítà kan ó lé díẹ̀ ni aṣọ ìfò ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá ká etí rẹ̀, ó lè tó mítà mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ inú òkìtì olójò lè máa gòkè ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹ fúnra yín ṣírò èyí tó kù, kí ẹ sì wá sọ ibi tí gbígbóná wà nínú rẹ̀.

* * *

Èsì kẹjọ: owó

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ owó ló ń dun àwọn èèyàn jù. Àwọn kan ní nígbà tí owó kò ní padà, kí wọ́n kúkú fò. Owó náà ti lọ, yálà ẹ fò tàbí ẹ kò fò. Kò yẹ kí ó dá sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ mọ́. Ẹ má bèèrè owó yín padà, ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ bèèrè. Atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ èyí, torí òun náà mọ̀ pé ojú ọjọ́ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Mo tún gbà yín níyànjú kí ẹ bi í bóyá ó ní párásúùtù àfipamọ́ tó lè gbé èèyàn méjì, àti ìgbà tí wọ́n ká a kẹ́yìn. Kí ẹ sì bi í ibi tí yóò balẹ̀ sí bí atẹ́gùn bá yí padà lójijì. Ẹnìkan ní àfojúdi ni kí èrò máa bi atukọ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ so mọ́ ọ láyà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ.

* * *

Èsì kẹsàn-án: fún bàbá wa láti Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Àwọn ọmọdé ti fi yín ṣe ẹlẹ́yà níbí nítorí pé ẹ ní òkè lólúwa, pé a kì í gun òkè ìlú oníìlú láì kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ọba àti àwọn ìjòyè. Mo tọrọ àforíjì lórúkọ wọn. Yàtọ̀ sí pé ojúbọ wà lórí àwọn òkè kan, ohun tí wọ́n lè sọ fún wa láàfin kò sí nínú fóònù. Àwọn ọdẹ mọ ibi tí kùrukùru ń dúró sí kẹ́yìn, wọ́n mọ ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Bí ẹnìkan bá já bọ́ sẹ́yìn òkè, àwọn ni yóò lọ gbé e wá, kì í ṣe àwa tí a ń kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ oko náà tún wà níbẹ̀. Láti òkè, oko iṣu dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni ẹ ó mọ̀ pé ebè ni, ebè lẹ́yìn ebè, pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi gbé ewé iṣu dúró, tó yọ ṣóńṣó sókè. Ẹsẹ̀ á yẹ̀, tàbí ọ̀pá á wọ èèyàn níbi tí kò dára. Kí ẹ wá pápá tó ṣófo ṣáájú, kí ẹ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú owó lọ́wọ́ fún iṣu tí ẹ lè bàjẹ́. Ṣé oníṣu á fẹ́ràn yín ju iṣu rẹ̀ lọ ni?

* * *

Èsì kẹwàá: lẹ́yìn Sátidé

Àbúrò wa láti Kàbà ti padà wá ròyìn. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè ní agogo mẹ́jọ, kùrukùru kò sì kúrò títí di agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Atukọ̀ tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ láti iwájú, gbogbo nǹkan rí bó ṣe yẹ. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wọn gun àpáta tó wà lẹ́yìn, ó sì rí òkìtì funfun kan ní ìlà-oòrùn, tí orí rẹ̀ ń tẹ́ bọ̀ bí owú alágbẹ̀dẹ. Mẹ́rin nínú wọn ní àwọn kò fò mọ́, méjì fẹ́ fò, atukọ̀ bínú, ó ní jìnnìjìnnì ojú lásán ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn sì ràn ní Ògìdì títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kán òjò kan kò bọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn méjì yẹn kò tíì ṣíwọ́ láti máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń bi mí bóyá àwọn kò fi ọjọ́ dáradára ṣòfò.

Ẹ fi ọjọ́ dáradára ṣòfò, àbúrò mi. N kò ní purọ́ fún ọ. Ká ní mo wà níbẹ̀, èmi náà ì bá fi ṣòfò. Ẹni tó rí òkìtì náà ní agogo mọ́kànlá kò lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà, àwọn méjì tó fẹ́ fò náà kò sì mọ̀ ọ́n. Apá àríwá ló gbà. Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé ọ̀dọ̀ wa ní Mọ̀pà, ó sì ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná ìyá mi. Òwúrọ̀ òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀kan nínú wọn lórí igi ìrókò.

Mo gbọ́ pé ara atukọ̀ ti rọ̀, pé ó ti gbà láti padà wá ní ìparí oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí eruku ọyẹ́ tó dí ojú ọ̀run. Kí ẹ rántí pé apá àríwá àti ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, nítorí náà etí òkè tí ẹ tẹ́ aṣọ sí lọ́jọ́ Sátidé lè má wúlò mọ́. Kí ó wá wo apá kejì ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ní kí ẹ fi owó epo ọkọ̀ kún un fún ìrìn àjò kejì yìí. Owó epo yẹn, ẹ san án.